Kí Àmì Ohùn Má Baà Jábọ́ Lójú Ọ̀nà: Ìrìn Àjò Ọ̀rọ̀ Yorùbá láti Orí Síláìdì dé Inú PDF

Nínú èdè Yorùbá, àmì kékeré kan tó láti yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Owó ni a ń ná, ọwọ́ ni a fi ń kà á, òwò ni ó ń mú un wá, ọwọ̀ ni a fi ń gbá ilẹ̀ ìsọ̀, ọ̀wọ̀ sì ni a ń bù fún oníbàárà. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀ márààrún yìí, tí a sì yọ àmì tó wà lábẹ́ wọn, gbogbo wọn á di ọ̀kan náà: "owo". Òǹkàwé á wá máa méfò ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Ní àtijọ́, ọwọ́ òǹkọ̀wé nìkan ni àmì ti ń jábọ́: yálà kò mọ̀ ọ́n fi sí i, tàbí ó kánjú. Lóde òní, ewu mìíràn ti dé. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti àwọn tó ń ṣètò ọdún ìbílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní agbègbè Atakpamé ń fi síláìdì, èyí tí a mọ̀ sí diapositive nílé ìwé, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwùjọ. Òǹkọ̀wé lè fi sùúrù tẹ gbogbo àmì rẹ̀ pé, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ohun gbogbo sì gún régé lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá wá sọ síláìdì náà di PDF kí ó lè fi í ránṣẹ́, àmì lè pòórá, ó lè fò kúrò lórí lẹ́tà, àpótí òfìfo sì lè jókòó sí ibi tí ẹ àti ọ wà tẹ́lẹ̀. "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" á di "G□l□d□" níwájú àwọn àgbà tó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé èdè wa ni kò bá kọ̀ǹpútà mu. Èrò yìí kò tọ́, ó sì léwu, nítorí òun ni ó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ pinnu pé àwọn kò ní fi àmì sí ọ̀rọ̀ mọ́, tàbí pé Faransé nìkan ni àwọn yóò máa fi kọ síláìdì. Ìṣòro náà ní ìdí tí ó ṣeé ṣàlàyé, ó sì ní àtúnṣe tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ìdí náà àti àtúnṣe náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, fọ́ǹtì ni ó ń fi ya lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti ọdún 1991 ni ìlànà tí a ń pè ní Unicode ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè àgbáyé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ìlànà yìí, ẹ ń jẹ́ 1EB9, ọ ń jẹ́ 1ECD, ṣ sì ń jẹ́ 1E63. Àwọn lẹ́tà tí a ń lò nínú álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Benin náà ní nọ́ńbà tiwọn: ɛ ni 025B, ɔ ni 0254. Kò sí lẹ́tà Yorùbá kan tí Unicode kò ní ọ̀nà láti kọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe àwòrán. Kí a tó lè rí ẹ lójú kọ̀ǹpútà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ bí 1EB9 ṣe rí. Ohun náà ni fọ́ǹtì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní police, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í mú ẹnikẹ́ni. Fọ́ǹtì dà bí àpótí tí a kó àwòrán lẹ́tà sí. Àwọn kan tóbi, lẹ́tà ọ̀pọ̀ èdè wà nínú wọn. Àwọn mìíràn kéré, ìwọ̀nba lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni ẹni tó ṣe wọ́n yà.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: bí a bá tọ́jú iṣẹ́ wa sínú PowerPoint tàbí Impress, fáìlì náà kì í sábà gbé fọ́ǹtì dání. Nọ́ńbà àwọn lẹ́tà àti orúkọ fọ́ǹtì nìkan ni ó ń gbé lọ. Nígbà tí a bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ̀rọ náà á wá fọ́ǹtì tí orúkọ rẹ̀ bá èyí mu. Bí kò bá rí i, yóò ṣe gẹ́gẹ́ bí òwe àwọn baba wa: bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Yóò mú fọ́ǹtì mìíràn dípò rẹ̀ láìbi wá léèrè. Àpẹẹrẹ kan rèé: ní ọdún 2023, Microsoft fi fọ́ǹtì Aptos rọ́pò Calibri gẹ́gẹ́ bí èyí tí iṣẹ́ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi Aptos ṣe síláìdì, tí ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà wọn ti pẹ́, kò ní bá Aptos níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ iṣẹ́ náà di PDF níbẹ̀, òòbẹ̀ ni yóò wọ inú PDF, kì í ṣe àdán.

Ohun tí PDF ṣe ìlérí, àti ibi tí ìlérí náà mọ

Ní ọdún 1993 ni iléeṣẹ́ Adobe gbé PDF jáde. Ní ọdún 2008, ó di ìlànà àgbáyé lábẹ́ àjọ ISO. Ìlérí tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìwé yóò rí bákan náà níbi gbogbo, lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí. Ohun tó ń mú ìlérí yìí ṣẹ ni pé PDF lè di fọ́ǹtì mọ́ ẹrù rẹ̀, bí arìnrìn-àjò tó di oúnjẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ tí kò fi ní gbójú lé ti onílé. Kí ẹrù má baà wúwo jù, àwòrán àwọn lẹ́tà tí a lò nínú ìwé náà nìkan ni ó sábà máa ń dì.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan wà tí PDF kò lè ṣe. Èkíní, kò lè di ohun tí kò sí. Bí fọ́ǹtì tí a yàn kò bá ní ṣ nínú, PDF kò ní bá ṣ níbẹ̀ láti dì. Èkejì, àwọn fọ́ǹtì kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n kọ̀ kí a dì wọ́n mọ́ fáìlì, ó sì ti kọ òfin náà sínú fọ́ǹtì fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe PDF máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ PDF ni a ti yan fọ́ǹtì 14 tí a gbà pé gbogbo ẹ̀rọ yóò ní, àwọn bíi Times, Helvetica àti Courier. Àwọn irinṣẹ́ kan ṣì ń gbẹ́kẹ̀ lé wọn láìdi ohunkóhun mọ́ ìwé. Lẹ́tà Faransé wà nínú wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀.

Ìdí tí ẹ́ fi ń ṣòro ju é lọ

Àwọn tó ń kọ Faransé kì í sábà rí ìyọnu yìí, nítorí é, è àti ç ti wà nínú fọ́ǹtì láti ìgbà pípẹ́, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ní tiwa, ẹ ní nọ́ńbà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń kọ ọ́: ti ẹ àti ti àmì òkè tó gùn ún lẹ́yìn. Bákan náà ni ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò kó àwòrán méjèèjì pọ̀, fọ́ǹtì ni yóò sì sọ ibi tí àmì gbọ́dọ̀ jókòó sí lórí lẹ́tà. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá fi ìtọ́ni yìí sí i, àmì á máa rìn kiri: yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó dúró sínú àlàfo. Àìrìnpọ̀ lẹ́tà àti àmì ni ó ń ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yan fọ́ǹtì mọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó lẹ́wà ní ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwa ni a ṣe fi wọ́n sí i. Èdè Vietnam ni ó ń lo àwọn lẹ́tà náà. Ní èdè Vietnam, àmì abẹ́ jẹ́ àmì ohùn, nítorí náà kì í bá àmì òkè tàbí àmì ìsàlẹ̀ jókòó sórí lẹ́tà kan. Èdè náà kò sì ní ṣ. Ẹ ó rí i pé fọ́ǹtì tí a ṣe nítorí Vietnam lè kọ "ọkọ" dáadáa, kí ó sì kọsẹ̀ lórí "ọkọ̀" àti "aṣọ". Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán fọ́ǹtì wò lè rò pé ó dára, kí ó tó dé ojú ìwé kẹwàá kí ó tó rí àléébù rẹ̀.

Àìsàn mẹ́rin àti bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Àìsàn àkọ́kọ́ ni àpótí òfìfo. Bí a bá rí □ níbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nọ́ńbà lẹ́tà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì kò ní àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò tíì sọnù. Bí a bá yí fọ́ǹtì padà, yóò farahàn.

Àìsàn kejì ni lẹ́tà àjèjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ sanra ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, tàbí wọ́n tín-ín-rín, bí ẹni pé a fi kẹ́kẹ́ àjèjì sójú wọn. Ẹ̀rọ ti yá àwòrán wọn lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn ni. Àmì ohùn tó ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ sábà máa ń bá àìsàn yìí rìn, nítorí lẹ́tà wá láti inú fọ́ǹtì kan, àmì sì wá láti inú òmíràn.

Àìsàn kẹta ni ọ̀rọ̀ tó di ẹ̀nà. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n fi ẹ tàbí ɛ sí ipò lẹ́tà mìíràn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Bí fọ́ǹtì náà bá wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ á rí bí Yorùbá. Bí kò bá sí, àmì owó, àmì ìbéèrè àti lẹ́tà àjèjì ni a ó rí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni àti àkọsílẹ̀ ìtàn ìdílé tí a tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní àtijọ́ wà nínú ipò yìí. Kíkó fọ́ǹtì tuntun lé wọn kò wò wọ́n sàn. A ní láti pààrọ̀ lẹ́tà wọn sí ti Unicode lọ́kọ̀ọ̀kan, kí fọ́ǹtì àtijọ́ náà tó di àwátì.

Àìsàn kẹrin ni ó burú jù, nítorí ojú kò rí i. PDF náà dára ní wíwò, gbogbo àmì pé. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" á di "G l d". Bí a bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ẹ̀rọ á ní kò sí. Ohun tó fà á ni pé PDF tọ́jú àwòrán lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò tọ́jú àtẹ tó ń sọ pé àwòrán báyìí ni nọ́ńbà báyìí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ dà bí fọ́tò àgbà tó ti lọ: a rí ojú rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú kò lè kà á, ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ kò sì lè fi í ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ

A tò àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. A fi Faransé kọ orúkọ àwọn bọ́tìnì kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan fọ́ǹtì kí ẹ tó yan àwọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èdè tí a fẹ́ kọ ni ó yẹ kí a wò kí a tó yan fọ́ǹtì. Àjọ SIL ti ṣe àwọn fọ́ǹtì bíi Charis, Doulos, Gentium àti Andika, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Andika dára fún ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, nítorí lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere. Noto Sans àti Noto Serif, tí Google gbé jáde, jẹ́ ọ̀fẹ́ bákan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni DejaVu Sans. Ìwé àṣẹ wọn gbà kí a dì wọ́n mọ́ fáìlì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dán fọ́ǹtì náà wò. Ẹ ṣí síláìdì kan, kí ẹ tẹ ìlà yìí sí i:

Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ ḿ m̀ — Ɛ́ Ɛ̀ Ɔ́ Ɔ̀ ɛ́ ɛ̀ ɔ́ ɔ̀

Ẹ fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ ọ́, kí ẹ sì tún fi lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ ọ́, nítorí fọ́ǹtì tó pé nínú ìrísí kan lè má pé nínú òmíràn. Ẹ wo àwọn lẹ́tà ńlá dáadáa. Àwọn fọ́ǹtì kan ní ɛ àti ɔ kékeré nítorí àwọn onímọ̀ ìró ohùn tó ń lò wọ́n, wọn kò sì ní Ɛ àti Ɔ ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tẹ lẹ́tà bí ó ti yẹ. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY tí a ń tà lọ́jà wa kò ní àmì abẹ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe máa ń fa ìlà sábẹ́ e kí ó lè jọ ẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà náà kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrò níbẹ̀, ìlà á jókòó sílé. Keyman fún kọ̀ǹpútà àti Gboard fún fóònù ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹ má sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé Yorùbá láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí yóò bo àmì abẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà dúdú kirikiri tó láti fi àkọlé hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà. Ọ̀rọ̀ Faransé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun púpọ̀ lábẹ́ lẹ́tà. Tiwa ní ohun lókè, ó sì ní ohun nísàlẹ̀. Bí ìlà bá fún mọ́ra jù, orí Ẹ́ á gé, tàbí kí àmì abẹ́ ìlà kan gun àmì òkè ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó sì mọ́ àwọn kan lára láti yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà ńlá, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe nínú Faransé. Àjọ Académie française pàápàá sọ pé kò yẹ kí a yọ ọ́. Ní Yorùbá, ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ ìtumọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ di fọ́ǹtì mọ́ síláìdì fúnra rẹ̀. Nínú PowerPoint, ẹ lọ sí « Fichier », « Options », « Enregistrement », kí ẹ sì fi àmì sí « Incorporer les polices dans le fichier ». Bí ẹlòmíràn yóò bá tún iṣẹ́ náà ṣe, ẹ jẹ́ kí ó di gbogbo lẹ́tà fọ́ǹtì, kì í ṣe àwọn tí ẹ lò nìkan. Nínú Impress ti LibreOffice, « Fichier », « Propriétés », « Police » ni ọ̀nà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi kọ ọ́. Ìmọ̀ràn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ má gbé síláìdì lọ sí síbà kí wọ́n tó bá yín sọ ọ́ di PDF, ẹ má sì gbé e lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún irinṣẹ́ tí ẹ kò mọ fọ́ǹtì tó ní. PDF tó ti parí ni kí ẹ gbé lọ. Bí àyè bá wà, ẹ yan PDF/A, ìlànà tí ISO ṣe ní ọdún 2005 nítorí ìwé tí a fẹ́ pa mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó pọn dandan nínú ìlànà náà pé kí a di fọ́ǹtì mọ́ ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ PDF náà wò. Nínú Adobe Reader, ẹ tẹ Ctrl àti D pọ̀, kí ẹ sì ṣí « Polices ». Níwájú orúkọ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ẹ rí i pé a ti dì í mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl àti F, kí ẹ wá "Gẹ̀lẹ̀dẹ́". Ẹ ṣe àdàkọ gbólóhùn kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú iṣẹ́ mìíràn. Níparí, ẹ fi PDF náà ránṣẹ́ sí fóònù ẹnìkan tí kò ní fọ́ǹtì yín. Bí ó bá rí i bí ẹ ti rí i, iṣẹ́ ti yọrí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, tí ìpàdé sì ti dé, àwọn kan a máa sọ síláìdì di àwòrán lásán. Ó lè gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àìsàn kẹrin ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Kí ẹ ṣe é bí ẹ kò bá rí ọ̀nà mìíràn, kí ẹ sì padà tún un ṣe kí ẹ tó tọ́jú ìwé náà.

Èdè kan, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ará wa ní Nàìjíríà lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni a fi ń kọ Yorùbá lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà kan ni ti ẹ, ọ àti ṣ, tí ìjọ CMS fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìpàdé wọn ní Èkó ní ọdún 1875. Ọ̀nà kejì ni ti álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin, tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní ọdún 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ rọ́pò ẹ àti ọ, sh rọ́pò ṣ, kp sì rọ́pò p. "Ilé ẹ̀kọ́" á di "ilé ɛ̀kɔ́". "Ìpàdé" á di "ìkpàdé". Fọ́ǹtì tó bá yẹ kí ó sin ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ lè kọ méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi fi wọ́n pọ̀ sínú ìlà ìdánwò.

Àwa tí a kọ́ ìwé ní Faransé tún ní ẹrù kan lórí tí àwọn mìíràn kò ní. Nínú Faransé, é àti è ń sọ bí a ṣe ń la ẹnu. Nínú Yorùbá, ohùn ni àmì òkè yìí ń sọ. Àmì abẹ́ ni ó ń sọ bí a ṣe ń la ẹnu. Bí PDF bá jẹ àmì abẹ́, tí ó fi àmì òkè sílẹ̀, ọmọ ilé ìwé kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù, nítorí ohun tó kù jọ Faransé lójú rẹ̀. "Ilé ẹ̀kọ́" á di "ilé èkó", bí ẹni pé Èkó ni a ń lọ. Ọmọ tí a sọ ní Ayọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ á di ayò, eré tí a fi ọmọ ayò ṣe. Àpótí òfìfo a máa kéde ara rẹ̀. Àmì abẹ́ tó jábọ́ kì í pariwo.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un

Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ńlá ti gbogbo ènìyàn, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àìfojúrí ní ọdún 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Orin, oríkì àti àwàdà ni ẹ̀mí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èdè ni ó sì ń gbé wọn. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di PDF, wọ́n sì ń pín in kiri. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò ní wà pẹ́ títí láti wí fún wa pé ogún ni òun sọ, kì í ṣe ogun. Bí àmì bá sọnù lẹ́yìn tí àgbà ti lọ, ta ni a ó bi léèrè? Inú ìwé ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà.

Nítorí náà, a rọ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kí wọ́n fẹnu kò lórí fọ́ǹtì kan tàbí méjì tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa lò, kí wọ́n sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà gbogbo akọ̀wé wọn. A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi ìlà ìdánwò wa kọ́ àwọn ọmọ. A rọ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kí wọ́n fi Charis tàbí Noto sórí ẹ̀rọ wọn. Oníbàárà tó bá rí i pé orúkọ òun pé ṣánṣán yóò padà wá. Kí àwọn tó ní ìwé tí a fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀ sì tètè pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó lè kà á ṣì wà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí fọ́ǹtì tó lẹ́wà kan kò bá lè kọ èdè wa, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, kí ẹ fi lẹ́tà tó kù hàn án. Vietnam ti gba ààyè tirẹ̀ nínú àpótí fọ́ǹtì. Àwa náà lè gba tiwa, bí a bá ń lo lẹ́tà wa ní pípé lójoojúmọ́, tí a sì ń bèèrè fún un níbikíbi tí kò bá sí.